Kọ̀ǹpútà ní 96, ìwé ní 1: bí mo ṣe ṣe ẹ̀rọ tó ń yẹ nọ́ńbà báǹkì wò ní Kétu

Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ tẹ ìwé wọn. Púrógíráàmù kì í ṣe òwò tí mo fi ń jẹun, mo kàn kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́ ni. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ọjọ́ méjì ni mo dá fún un, ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí. Gbogbo ibi tí mo ti ṣìṣe ni mo kọ síbí, títí kan èyí tó tì mí lójú.

Ohun tí wọ́n gbé wá bá mi

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà nítòsí wa, ìyá 41, gàrí àti epo pupa ni òwò wọn. Tẹ́lẹ̀, àpò ìwé ni wọ́n ń kó èrè sí, kálukú á wá gba tirẹ̀. Ní báyìí, báǹkì ni owó ń gbà. Akọ̀wé wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló ń da nọ́ńbà kọ láti orí ríbù kálukú (ìwé tí báǹkì kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí) sínú ìwé, láti inú ìwé sórí fọ́ọ̀mù. Lóṣù kan, owó obìnrin kan kò dé. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí báǹkì tó dá a padà. Nígbà tí a wò ó fínnífínní, 56 ló yẹ kó wà níbì kan, 65 ni wọ́n kọ.

Ìyá Ìbejì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní, "Àbúrò, ṣé kò sí bí ẹ̀rọ rẹ yìí ṣe lè máa pariwo kí n tó fọwọ́ sí nǹkan tí kò dáa?"

Mo ní, "Ó wà, Ìyá. Ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì."

Ohun tó mú mi fi ẹnu ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé nọ́ńbà IBAN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì gígùn tí àwọn báǹkì ń lò láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, máa ń gbé ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ dání. Ti Benin jẹ́ àmì 28: BJ ló ṣáájú, ẹyọ nọ́ńbà méjì tó jẹ́ ẹlẹ́rìí tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni àmì 24 tó wà lórí ríbù: báǹkì 5, ẹ̀ka 5, àkáǹtì 12, kọ́kọ́rọ́ 2. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ju báyìí lọ: gbé àmì mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìn, sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, A jẹ́ 10, B jẹ́ 11, títí dé Z tó jẹ́ 35, fi 97 pín gbogbo rẹ̀. Bí àṣẹ́kù bá jẹ́ 1, nọ́ńbà náà dúró dáadáa. Bí kò bá jẹ́ 1, ẹnì kan ti ṣìkọ níbì kan.

Mi ò ní kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síbí. Mo ṣe ayédèrú kan: mo fi òdo dí ibi tí nọ́ńbà báǹkì máa ń wà, mo fi 123456 ṣe àkáǹtì, mo sì fi 00 dí ibi kọ́kọ́rọ́ ríbù, torí ẹlẹ́rìí IBAN nìkan ni mo ń wá. Òun nìyí:

BJ09 BJ00 0010 0100 0000 1234 5600

Tí a bá gbé iwájú sẹ́yìn, tí a sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, ó di:

11190000100100000012345600111909

Ẹyọ 32. Ẹ fojú sí i dáadáa, òun ni a ó máa bá kiri títí dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Mo ti fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, àṣẹ́kù rẹ̀ nígbà tí a bá fi 97 pín in jẹ́ 1.

1. Excel, ọjọ́ kìíní

Excel ni mo kọ́kọ́ ronú kàn, torí òun ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ti èdè Faransé. Mo tẹ nọ́ńbà náà sínú àpótí kan, mo tẹ Entrée. Ó kọ 1,119E+31. Mo ní kó fi gbogbo ẹyọ rẹ̀ hàn mí. Ó kọ:

11190000100100000000000000000000

Ẹ wo ìparí rẹ̀. Àkáǹtì ti lọ, ẹlẹ́rìí ti lọ, òdo ló kún ibẹ̀. Ẹyọ 15 ni Excel ń mú dání, ohun tó bá kọjá ìyẹn, òdo ló fi ń dí i. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, mo sì sọ fún ara mi pé ojú lásán ni, pé inú rẹ̀ á ṣì pé. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí àwọn yòókù.

Mo pe MOD kó bá mi wá àṣẹ́kù. Ó dáhùn #NOMBRE!, ìyẹn ni pé nọ́ńbà náà kọjá agbára rẹ̀. Mo ní kò burú, mo mọ bí a ṣe ń ṣe é láìsí MOD: pín in, mú odindi, fi 97 sọ ọ́ di púpọ̀, yọ ọ́ kúrò:

=A2-97*ENT(A2/97)

Ó dáhùn 0. Mo fà á sísàlẹ̀ fún gbogbo ìyá 41. Òdo, òdo, òdo, títí dé ìsàlẹ̀.

Ibi tó tì mí lójú nìyí. Dípò kí n bi ara mi léèrè bí ènìyàn 41 ṣe lè ní ìdáhùn kan náà, mo gbà pé èmi ni mo ṣi òfin náà gbọ́, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 0 ló yẹ, kì í ṣe 1. Mo yí ìlànà padà. Mo kọ "O DÁRA" sí iwájú gbogbo orúkọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rántí pé nọ́ńbà tó ní 65, èyí tó dá owó padà gan-an, ṣì wà nínú àkójọ náà. "O DÁRA" wà níwájú òun náà.

2. Ojú ewé JavaScript, ọjọ́ kejì sí ìkẹrin

Mo fi Excel sílẹ̀. Mo ronú pé ojú ewé kékeré kan tí a fi JavaScript, èdè púrógíráàmù kan, kọ, tí yóò ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ Ìyá Ìbejì. Àpótí kan, bọ́tìnnì kan, àwọ̀ ewé tàbí pupa. Ọkàn rẹ̀ jẹ́ ìlà kan (s ni ohun tí a tẹ̀ lẹ́yìn tí lẹ́tà ti di nọ́ńbà, Number ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, % ń mú àṣẹ́kù):

Number(s) % 97

Lákọ̀ọ́kọ́, pupa ni fún gbogbo ènìyàn. Mo wá ẹ̀bi kiri:

Lẹ́tà: mo ti fi A ṣe 1, B ṣe 2. Ó yẹ kó jẹ́ 10 àti 11. Àṣìṣe gidi lèyí, mo tún un ṣe. Pupa ṣì ni.

Àlàfo: àwọn nọ́ńbà tí mo tẹ̀ ní àlàfo láàárín, òmíràn ní O níbi tí 0 yẹ kó wà. Mo gbá gbogbo rẹ̀ mọ́. Pupa ṣì ni.

Àmì % fúnra rẹ̀: mo ní bóyá òun ni kò mọ iṣẹ́. Mo fi Math.floor, tó ń mú odindi, kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, bí mo ṣe ṣe nínú Excel. Ó di 0 fún gbogbo ènìyàn. Mo yára dá % padà.

Ayédèrú mi ń fún mi ní 96. Nínú àwọn ìyá 41, kò sí ẹyọ kan tó gba 1. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo rí tí n kò kà sí: àwọn 17 kan ní àṣẹ́kù kan náà, 40. Nígbà tí mo bi Ìyá Ìbejì, ó ní àwọn 17 yẹn ni àwọn báǹkì wá bá lọ́jà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n ṣí àkáǹtì fún tẹ̀léra-tẹ̀léra. Nọ́ńbà wọn sún mọ́ra. Mo gbọ́, mo dákẹ́, n kò mọ ohun tí n ó fi ṣe. Iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo lọ sùn.

3. Ìyá Ìbejì mú olè

Ọjọ́ karùn-ún, ó yà kí mi nígbà tó ń bọ̀ láti ọjà. Mo gbé fóònù mi fún un kó wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó tẹ nọ́ńbà ayédèrú, mo ti kọ àṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ kí n lè máa rí i: 96. Ó pa 09 tó wà níwájú rẹ́, ó fi 10 sí i. 96. Ó fi 55 sí i. 96. Ó lọ sí àárín, ó sọ 56 di 65, bíi ti obìnrin ọjọ́sí. 96.

Ó gbójú sókè, ó ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ yìí kì í ka ìparí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń ki oríkì rẹ̀ tó sùn lọ láàárín."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. N kò bi ẹ̀rọ náà ní àṣẹ́kù mọ́. Mo ní kó sọ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, lẹ́yọ lẹ́yọ:

BigInt(Number(s))

Mo kọ èyí tí mo fún un àti èyí tó dá padà sórí pátákó, ọ̀kan lábẹ́ èkejì:

11190000100100000012345600111909
11190000100100000943667505266688

Ẹyọ 17 àkọ́kọ́ bára mu. Nínú ẹyọ 15 tó kẹ́yìn, òdo kan ṣoṣo ló bá tiwa mu. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò mọ pínpín. Mo fi ọwọ́ pín nọ́ńbà kejì yẹn, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 96 lóòótọ́. Ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré, nọ́ńbà ẹlòmíràn ló ṣírò.

Ìdí rẹ̀, ní ṣókí. JavaScript, Excel àti ọ̀pọ̀ ohun èlò ìṣirò máa ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní float mú nọ́ńbà, lọ́nà tí ìlànà IEEE 754 ti ọdún 1985 là sílẹ̀. Àyè 64 ni nọ́ńbà kan ní: ọ̀kan fún àmì ìdin tàbí àfikún, 11 fún bí nọ́ńbà ṣe tóbi tó, ìyókù fún àwọn ẹyọ rẹ̀ gan-an. Odindi nọ́ńbà ń wọlé láìdín láìlé títí dé 9,007,199,254,740,992, ìyẹn 2 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ní ìgbà 53. Fún un ní èyí tó parí sí 993, 992 ni yóò mú. Láti ibẹ̀ lọ, ó ń fo méjì méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin mẹ́rin, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìṣísẹ̀ rẹ̀ ń gùn. Níbi tí nọ́ńbà IBAN wa wà, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ 2,251,799,813,685,248. Kò sí nọ́ńbà kankan tó lè dúró láàárín ìṣísẹ̀ méjì.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Ìbejì pẹ̀lú òwò rẹ̀: ẹni tó ń fi kóńgò wọn gàrí lè sọ bóyá kóńgò 30 ni tàbí 31, ṣùgbọ́n má bi í pé ẹ̀kúnwọ́ mélòó ló ṣẹ́kù nísàlẹ̀ àpò. Ó ní òun gbọ́ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá 17 náà wá yé mi. Nígbà tí a bá gbé iwájú IBAN lọ sẹ́yìn, ẹyọ mẹ́jọ ló máa ń tẹ̀lé nọ́ńbà àkáǹtì. Pín ìṣísẹ̀ yẹn sí ibẹ̀, ó di pé àkáǹtì méjì tí kò jìnnà síra ju mílíọ̀nù 22 lọ lè jókòó sórí nọ́ńbà kan náà. Àkáǹtì tó tẹ̀lé ara wọn lọ́jà lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ènìyàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lójú ẹ̀rọ.

Òdo inú Excel náà yé mi. Nígbà tó fi 97 pín in, ó gé èsì kí ó lè wọ àyè rẹ̀. Nígbà tí mo fi 97 sọ ọ́ di púpọ̀ padà, àṣìṣe inú rẹ̀ kò tó ìlàjì ìṣísẹ̀ kan, ó bá bọ́ padà sórí nọ́ńbà tí a ti ń bọ̀. Ohun kan yọ ara rẹ̀: òdo. Gbogbo IBAN Benin ló bẹ̀rẹ̀ sí 1119 lẹ́yìn tí a bá yí i, nítorí náà gbogbo wọn ni yóò máa jẹ́ òdo lọ́nà yẹn, ìbáà jẹ́ ti olóòótọ́ tàbí ti aṣìkọ.

N kò bínú sí float. Bí mo bá ń wọn epo, tàbí mo ń ṣírò iye tí àpò gàrí kan yóò wọn lẹ́yìn tó bá gbẹ, float tó mi, ó yá, ó sì rọrùn. Nọ́ńbà àkáǹtì ni kì í ṣe ohun wíwọ̀n. Orúkọ ni, wọ́n kàn fi ẹyọ nọ́ńbà kọ ọ́ ni.

4. BigInt, ọjọ́ kẹfà àti ìkeje

JavaScript ní irú nọ́ńbà mìíràn tí kò ń gé nǹkan kúrò, BigInt. Ó ń gùn bí nọ́ńbà ṣe gùn tó. Mo rò pé yóò parí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀ẹ̀kíní: ojú ewé mi ti sọ ọ̀rọ̀ di Number kí ó tó dé ọ̀dọ̀ BigInt. Nọ́ńbà ti bàjẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, BigInt kàn ń tọ́jú òkú rẹ̀ dáadáa ni. Láti inú ọ̀rọ̀ ni kí BigInt ti mú un tààrà: BigInt(s), níbi tí s ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì: mo kọ BigInt(s) % 97, ó sì bú mọ́ mi: Cannot mix BigInt and other types. 97 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà: 97n.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú jù, torí kò bú mọ́ mi rárá. Àṣẹ́kù ti tọ́, mo rí 1 lójú pátákó, àwọ̀ ṣì pupa. Mo fi wákàtí méjì wò ó. Mo kọ === 1, bẹ́ẹ̀ 1n ni ìdáhùn, àmì ìdọ́gba oní-mẹ́ta kò sì gbà pé 1n àti 1 jẹ́ ọ̀kan náà. Mo sọ ọ́ di === 1n.

Àwọ̀ ewé. Mo sọ 56 di 65: pupa, àṣẹ́kù 51. Mo sọ 09 di 10: pupa, àṣẹ́kù 2. Mo jáde síta, mo mu omi.

Ìyà kan tún kù. Mo fẹ́ mú nọ́ńbà 41 láti inú fáìlì tí mo ti pa mọ́ ní ọjọ́ kìíní. Mo ṣí i: 1,119E+31 ní ìlà gbogbo. Excel kò kàn fi òdo bò wọ́n lójú, ó ti fi òdo pa wọ́n, èmi náà sì ti fọwọ́ sí i. Bí kì í bá ṣe ìwé Ìyá Ìbejì ni, ǹ bá máa kan ilẹ̀kùn ìyá 41. Mo tún wọn tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti kọ́kọ́ sọ àwọn àpótí náà di Texte, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, kí n tó tẹ ohunkóhun sí i. Ẹ ṣe é kí ẹ tó tẹ̀. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀, òdo ni ẹ ó sọ di ọ̀rọ̀.

5. Fóònù tí kò mọ BigInt, ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹsàn-án

Mo gbé ojú ewé náà sórí fóònù Ìyá Ìbejì. Funfun báláú. Kò sí àpótí, kò sí bọ́tìnnì. Fóònù náà ti dàgbà, Chrome orí rẹ̀ sì ti dàgbà jù ú lọ. Ọdún 2018 ni BigInt wọ Chrome, ní ẹ̀dà 67. Ẹ̀dà tó bá ṣáájú rẹ̀, tó bá kan 97n lórí ìwé, á da gbogbo ìwé náà sílẹ̀. Àyè kò sì kù lórí fóònù náà láti fi tuntun sí i. Fọ́tò àwọn ìbejì ló kún ibẹ̀, n kò lè ní kó pa wọ́n rẹ́.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wá ka ìwé ìròyìn ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá Tíṣà la ń pè wọ́n. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ kẹta. Wọ́n béèrè pé, "Nọ́ńbà mélòó ni ẹ fẹ́ fi 97 pín?"

Mo ní, "Ẹyọ 32, Bàbá."

"Ẹ̀rọ yín kò wá lè pín in bí ọmọ kíláàsì kẹrin ṣe ń pín in?"

Wọ́n gba pẹ́ńsùlù, wọ́n fa ilà pínpín gígùn sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. Pín ohun tó wà níwájú, kọ àṣẹ́kù, sọ ẹyọ tó kàn kalẹ̀, pín in, kọ àṣẹ́kù. Mo ń wò wọ́n, ojú ń tì mí. Àṣẹ́kù kò lè ju 96 lọ láé. Tí mo bá sọ ẹyọ kan kalẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó pọ̀ jù tó lè di ni 969. Kò sí fóònù tí kò lè mú 969 dání láìgé e. Nọ́ńbà ńlá náà kò ní wọ inú ẹ̀rọ lódindi rárá, ọ̀rọ̀ ni yóò jẹ́ títí tí a ó fi kà á tán.

var r = 0;
for (var i = 0; i < s.length; i++) {
  r = (r * 10 + Number(s.charAt(i))) % 97;
}

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ ṣe é lè mú ẹyọ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kó máa fi ẹyọ méje méje kún àṣẹ́kù. Bàbá Tíṣà ṣe ti ayédèrú wa báyìí:

111900001, àṣẹ́kù 25
25 àti 0010000, àṣẹ́kù 66
66 àti 0012345, àṣẹ́kù 95
95 àti 6001119, àṣẹ́kù 62
62 àti 09, àṣẹ́kù 1

Ìlà márùn-ún lórí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ojú ewé náà ṣí lórí fóònù Ìyá Ìbejì. Àwọ̀ ewé.

6. Ìdánwò, ọjọ́ kẹwàá

Mo fi Python, èdè púrógíráàmù mìíràn, yẹ iṣẹ́ ara mi wò, torí odindi nọ́ńbà inú Python kì í gé nǹkan kúrò: int(s) % 97 tó. Ẹ kàn ṣọ́ra fún àmì pínpín rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo, /, yóò sọ ọ́ di float lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì padà sí ọjọ́ kìíní. Méjì, //, ló ń pa odindi mọ́.

Ẹyọ nọ́ńbà 24 ló wà nínú ayédèrú náà tí a bá yọ lẹ́tà kúrò. Mo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí àwọn mẹ́sàn-án yòókù: àṣìkọ 216. Pupa ni ojú ewé náà fi hàn fún gbogbo 216. Mo pààrọ̀ àyè àwọn ẹyọ tó fara ti ara wọn tí kò dọ́gba, pupa ni fún àwọn náà. Kì í ṣe oríire. Ẹni tó bá ṣi ẹyọ kan kọ ti fi ohun kan láàárín 1 sí 9, pẹ̀lú òdo díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kún nọ́ńbà náà tàbí yọ ọ́ kúrò, 97 kò sì lè pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹyọ méjì, iye mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló fi ṣì í, 97 kò lè pín ìyẹn náà tán.

Èsì, ọjọ́ kọkànlá

Nínú 41, 38 jẹ́ àwọ̀ ewé. Mẹ́ta jẹ́ pupa. Ọ̀kan, ẹyọ kan fò, àmì 27 ló kù. Èkejì, 3 tó yẹ kó jẹ́ 8. Ẹ̀kẹta, 1 tí ẹni tó kọ ọ́ fa imú rẹ̀ gùn, tí Ìyá Ìbejì kà sí 7. Ó lọ bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, ó wo ríbù wọn, ó tún un kọ. Oṣù tó tẹ̀lé e, owó kankan kò padà.

Ohun tí kò lè ṣe: kò mọ orúkọ. Bí o bá fi nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n sí iwájú orúkọ àbúrò, tí nọ́ńbà náà sì tọ́, àwọ̀ ewé ni yóò fi hàn ọ́. Mo kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà ní lẹ́tà ńlá. N kò sì tíì fi yíyẹ kọ́kọ́rọ́ ríbù wò kún un.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, mo rí i pé nọ́ńbà fóònù inú àkójọ ẹgbẹ́ náà kò pé. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà Benin ti di ẹyọ mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ sí 01, Excel sì ti jẹ òdo iwájú gbogbo wọn. Ẹ̀bi kan náà, ìtọ́jú kan náà: Texte kí a tó tẹ̀. Ti fóònù kò le tó ti báǹkì, torí òdo tó lọ níwájú, gbogbo wa mọ̀ pé òun ni. Èyí tó lọ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó lè pè é padà.

Owó tí mo ná: dátà íntánẹ́ẹ̀tì 1,500 sẹ́fà, epo jẹnẹrétọ̀ fún alẹ́ méjì 2,000, ìwé àti fọ́tòkọ́pì 400, ọ̀kadà tó gbé Ìyá Ìbejì lọ sí ilé àwọn mẹ́ta yẹn 900, ẹgbẹ́ ló san án. Èmi ná 3,900. Wọ́n fi àpò gàrí kan ṣe owó iṣẹ́ fún mi, Bàbá Tíṣà sì gba ìdá mẹ́rin rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fi lọ̀ wọ́n.

Mo pe ojú ewé náà ní Ìdènà, torí Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ìyá Ìbejì ní orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ dípò àwọ̀, torí pé lójú òòrùn ọjà, ewé àti pupa kò yàtọ̀ síra lójú fóònù òun. Ìyẹn ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí.